Kọ̀wéè Kọ́ Ló Ké

Ọdún méjì tó gbẹ̀yìn ayé bàbá àgbà mi, Baba Kọ̀wéè ni àwọn èèyàn ń pè wọ́n. Bí wọ́n bá ń kọjá lọ́jà Akẹ̀sán, àwọn obìnrin kan á fa ọmọ wọn mọ́ra, wọ́n á máa sọ ọ́ sétí ara wọn pé bàbá tó fi ẹnu ara rẹ̀ pe ikú wá bá ọmọ bíbí inú rẹ̀ rèé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pè wọ́n bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ sì wà láyé tẹ́ ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jókòó dáadáa. Orúkọ yẹn kì í ṣe tiwọn. Èmi ni mo ni ín. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mo ṣe ohun tó fà á, wọ́n sì gbà á lórí mi kí n tó mọ̀ pé ẹrù ni.

Mi ò ní ìtàn ìgbésí ayé kankan láti sọ. Ọjọ́ tí wọ́n bí Bàbá Àgbà, àwọn gan-an ò mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ náà ni màá sọ, bó bá ṣe ń bọ̀ sí mi lọ́kàn.

Oníṣẹ́ awọ ni wọ́n, ní Ọ̀yọ́. Wọ́n ń rán tìmùtìmù, wọ́n ń rán àpò, abẹ̀bẹ̀ àti sálúbàtà. Ìka wọn pupa tọdún tọdún nítorí ohun tí wọ́n fi ń kun awọ. Ẹ má retí pé màá máa pọ́n wọn ju bó ṣe yẹ lọ torí pé wọ́n ti kú. Wọ́n le. Wọ́n le bí awọ tí ò tíì rí omi. Tí o bá kí wọn ẹ kú àárọ̀ nígbà tí òwú wà lẹ́nu wọn, ojú ni wọ́n á fi dá ọ lóhùn. Obìnrin kan wá ra àpò lọ́jọ́ kan, ó gbé e sókè, ó gbé e sílẹ̀, ó ní àpò ọdún yìí ò dán tó ti èṣí. Bàbá Àgbà dìde, wọ́n gba àpò náà lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n lọ fi í kọ́ síbi tó ti mú un. Obìnrin náà ní, "Ẹ̀ẹ́n, Baba, mo ṣì ń rà á o." Wọ́n ti jókòó padà. Wọ́n ní, "Èmi ni mi ò tà á mọ́."

Igi ọ̀dán ńlá kan wà níwájú ilé wa, ẹ̀gà kún orí ẹ̀ fọ́fọ́. Ẹ̀gà ò mọ ohun tó ń jẹ́ ìsinmi. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ni ariwo wọn, ìgbẹ́ wọn á sì máa bọ́ sórí aṣọ tí ìyá mi bá sá. Ó sú aládùúgbò wa kan, ló bá gbé àáké wá, ó ní òun máa gé igi náà lulẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bàbá Àgbà ò bá a jà. Wọ́n gbé àpótí ìjókòó wọn lọ sídìí igi, wọ́n fẹ̀yìn tì í, wọ́n ń rán awọ wọn lọ. Ọkùnrin náà bẹ̀ wọ́n títí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Baba, ẹ dìde, ariwo àwọn ẹyẹ yìí ti pọ̀ jù." Wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ìwọ náà ń pariwo, ta ló gbé àáké wá bá ọ?"

Ẹyẹ ni wọ́n fẹ́ràn jù láyé, ẹyẹ náà sì ni ọ̀tá tí wọ́n kọ́kọ́ ní. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, oko ọkà bàbà ni bàbá wọn fi wọ́n ṣọ́. Ìdájí ni wọ́n ti ń gun pẹpẹ láàárín oko, tàwọn ti kànnàkànnà, kí ẹyẹ má baà jẹ ọkà tán. Lọ́dún kan, oorun gbé wọn lọ lórí pẹpẹ. Kí wọ́n tó jí, ẹyẹ ti ṣe oko báṣubàṣu. Bàbá wọn nà wọ́n débi pé ọjọ́ mẹ́ta ni wọn ò fi lè fẹ̀yìn lélẹ̀. Mo bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe wá fẹ́ràn ẹyẹ lẹ́yìn gbogbo ìyẹn. Wọ́n ní, "Mo fẹ́ mọ orúkọ gbogbo àwọn tó jẹ́ kí wọ́n nà mí."

Wíwo ẹyẹ tiwọn, kò sí wíwò púpọ̀ nínú ẹ̀. Tí a bá ti kí ìrun àsùbá tán, a ó lọ jókòó síbi tí igi bá wà, wọ́n á di ojú, wọ́n á ní kí èmi náà di tèmi. Ẹyẹ kan á ké. Mi ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Á tún ké. Mi ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ó dìgbà tó bá ké lẹ́ẹ̀kẹta kí n tó lè dárúkọ ẹ̀, lẹ́yìn náà la ó tó lajú, tí a ó wá a lórí igi. Bí mo bá kánjú dárúkọ ẹ̀, wọ́n á fi oríkèé ìka kàn mí lórí, kò! Nígbà mìíràn, mo ti gbà á o. Ẹyẹ tí mo pè é náà ni. Ìyẹn ò ní kí wọ́n má kàn mí lórí. Mo bínú lọ́jọ́ kan, mo ní ṣebí mo gbà á. Wọ́n ní, "Oríire nìyẹn. Èmi ò kọ́ ọ ní oríire."

Ẹ̀kọ́ tí mi ò gbọ́ nìyẹn. Òun ló bà wá jẹ́.

Nígbà ìsinmi ilé ẹ̀kọ́, lásìkò òjò, gbogbo wa lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́: Bàbá Àgbà, bàbá mi, ìyá mi, èmi. Àǹtí Sìkírá là ń lọ wò. Àwọn ni àbíkẹ́yìn Bàbá Àgbà, àbúrò bàbá mi. Ọkùnrin kan tó ń ta pákó ló fẹ́ wọn síbẹ̀. Àtìgbà tí wọ́n ti bí ọmọ wọn, Rọ́fíà, ni ara wọn ò ti yá. Àwọn dókítà ti sa ipá wọn, wọ́n ti ní kí Àǹtí máa lọ sinmi nílé. Èmi ò mọ ìtumọ̀ "máa lọ sinmi nílé" nígbà yẹn. Bàbá Àgbà mọ̀ ọ́n.

Pijó la wọ̀. Lójú ọ̀nà, Bàbá Àgbà ní kí awakọ̀ dúró, pé àparò méjì ń kó ọmọ wọn sọdá títì. Gbogbo èrò ọkọ̀ jókòó, à ń wo àparò. Inú bí awakọ̀, ó ní, "Baba, nítorí ẹyẹ lásánlàsàn?" Bàbá Àgbà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ẹyẹ lásán ò sí," wọ́n ní. "Awakọ̀ lásán ló wà."

Ẹ̀yìn ìlú ni ilé ọkọ Àǹtí wà. Gàníyù ló ń jẹ́. Gàníyù ni màá máa pè é, mi ò sì ní fi "wọ́n" pè é nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo mọ̀ pé ó tó bàbá mi lọ́jọ́ orí. Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Òun àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé inú ilé náà pẹ̀lú Àǹtí. Wọ́n ti gbé ibùsùn Àǹtí sí yàrá ẹ̀yìn nítorí afẹ́fẹ́, igbó sì ni fèrèsé yàrá náà kọjú sí. Èmi pẹ̀lú Bàbá Àgbà á lọ gbọ́ ẹyẹ létí igbó yẹn ní àràárọ̀. Tí a bá ń bọ̀, Àǹtí á pè mí látinú yàrá: "Àdùkẹ́, kí lẹ gbọ́ lónìí?" Àwọn náà ti jókòó ti Bàbá Àgbà gbọ́ ẹyẹ rí kí wọ́n tó lọ sílé ọkọ. Màá kà á fún wọn: àdàbà, ọ̀pẹ̀ẹ̀rẹ̀, àparò. "Ẹyẹ tálákà ni gbogbo ìyẹn," Àǹtí á ní, ohùn wọn á ti fẹ́ẹ̀ má jáde mọ́. "Bá mi gbọ́ ńlá wá."

Mo wá ńlá. Ọlọ́run ń gbọ́ mi, nítorí wọn ni mo ṣe wá a.

Bàbá Àgbà ti sọ fún mi nípa ẹyẹ kan tó ń jẹ́ kọ̀wéè. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì péré làwọn gbọ́ ọ rí láyé àwọn, pé ohùn ẹ̀ rẹlẹ̀, ó sì ń fà. Ohun tí wọn ò sọ fún mi ni ohun tí gbogbo àgbàlagbà mọ̀: pé bí kọ̀wéè bá ké nítòsí ilé aláìsàn, àwọn èèyàn gbà pé aláìsàn náà ò ní dìde mọ́. Bàbá Àgbà ò gba ìyẹn gbọ́. Wọ́n ní ẹyẹ kì í pa èèyàn, Ọlọ́run ló ń pa èèyàn. Nítorí náà wọn ò tiẹ̀ rò pé ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́ fún ọmọdé. Tí wọ́n bá ní ẹ̀bi kan nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn ni, mi ò sì ní bò ó mọ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin tí a débẹ̀, mo ṣáájú Bàbá Àgbà dé etí igbó. Ẹyẹ kan ké nínú ewéko. Ohùn náà rẹlẹ̀, ó ń fà, bí omi tó ń tú lẹ́nu kèǹgbè. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ké. Mi ò dúró de èkejì. Mo sáré padà lọ sábẹ́ fèrèsé Àǹtí, mo fi gbogbo agbára mi kígbe: "Àǹtí, mo ti gbọ́ ńlá! Kọ̀wéè! Kọ̀wéè ń ké lẹ́yìn ilé yín!"

Mo gbọ́ bí bútà ṣe bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan nínú àgbàlá. Ìyá Gàníyù ló yọ sí mi, omi àlùwàlá ṣì ń kán lápá wọn. Etí wọn ti ń di. Ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n gbọ́, wọn ò mọ ẹni tó sọ ọ́.

"Ta ló dárúkọ ẹyẹ yẹn? Ta ló dárúkọ ẹyẹ yẹn nílé aláìsàn?"

Mo ti yanu láti dáhùn. Ọwọ́ kan bà lé mi léjìká, ó tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ gírígírí. Bàbá Àgbà ti dé ẹ̀yìn mi.

"Èmi ni," wọ́n ní.

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bí i?"

"Mo ní mo gbọ́ kọ̀wéè. Èmi ni."

Ẹni tí ò purọ́ fún oníbàárà rí nìyẹn o, tí ò purọ́ kó lè ta ọjà.

Lọ́jọ́ kejì, kó tó di ìrun àílà lọ́sàn-án, Àǹtí Sìkírá kú. Inná lilláhi wa inná ilaihi rájiúnà. Ọjọ́ náà la sin wọ́n. Kí àwọn ọkùnrin tó ti ibi sàréè dé, Ìyá Gàníyù ti ń sọ ọ́ fún àwọn obìnrin tó wá kẹ́dùn: "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Gàníyù dé, ó gbé àpò Bàbá Àgbà jáde, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Òjò tí ẹlúùlúù bá pè, orí ara rẹ̀ ló ń rọ̀ lé. Ẹ ti pe tiyín. Ẹ má tẹ ilé mi mọ́." Bàbá mi fẹ́ fún un lésì, Bàbá Àgbà nawọ́ dá wọn dúró. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú àpò wọn. Wọ́n ní, "Ẹ kú ọ̀fọ̀, Gàníyù. Ọmọ wa ló kú."

Ní gáréèjì, nígbà tí bàbá mi lọ wá ọkọ̀, Bàbá Àgbà sọ ọ́ fún mi. "Ẹlúùlúù lo gbọ́. Òjò ló ń pè. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo gbọ́ ọ, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbé orí mi sílẹ̀ kí wọ́n kàn án. Wọn ò kàn án. Mo ní ẹ jẹ́ ká padà lọ wí fún wọn pé kọ̀wéè kọ́. Wọ́n ní, "Ọmọ mi ti kú, Àdùkẹ́. Ṣé orúkọ ẹyẹ ni kí n wá máa bá wọn jà lé lórí?" Mo ní kí èmi padà lọ sọ pé èmi ni mo kígbe. Wọ́n di ọwọ́ mi mú débi tó fi dùn mí.

"Ìyá yẹn ti ń wá ẹni tí wọ́n máa pè ní àjẹ́. Orúkọ tí wọ́n bá sọ ọmọdé máa ń bá a dàgbà ni. Èmi ti dàgbà tán. Níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láyé, ọ̀rọ̀ yìí ò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu rẹ."

Ọ̀rọ̀ ò lẹ́sẹ̀, àmọ́ ó mọ̀ ọ́n rìn. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wọ mọ́tò, ó sì ti dé Akẹ̀sán kí a tó ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ Àǹtí. Ẹni tó ń ra tìmùtìmù fún ìyàwó tuntun ò fẹ́ kó ti ọwọ́ Baba Kọ̀wéè wá. Ní mọ́sálásí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó máa ń kúrò ní sàfù, ìlà ìrun tí wọ́n bá dúró sí, á lọ dúró sí ti ẹ̀yìn. Èmi ń rí gbogbo ẹ̀, mo ń gbé e mì. Ohun tó ń pa mí lóru àti lọ́sàn-án kì í tiẹ̀ ṣe orúkọ yẹn. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé Àǹtí gbọ́ ariwo mi. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ, ẹ̀rù ikú ni mo gbé lọ bá wọn lórí ibùsùn, ẹ̀rù náà ni wọ́n sì gbé lọ sọ́run. Bàbá Àgbà ò bá mi sọ ọ́. Wọn ò mú mi lọ gbọ́ ẹyẹ mọ́. Mo bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní, "Etí ń dùn mí."

Rọ́fíà ni wọ́n fẹ́ rí. Òun nìkan ni Àǹtí fi sílẹ̀. Wọ́n rán sálúbàtà kékeré méjì fún un, wọ́n gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n gbé e padà wálé. Wọ́n ní wọn ò bá ẹnikẹ́ni nílé. Nígbà tí wọ́n máa tún lọ, ẹsẹ̀ ọmọ ti dàgbà ju bàtà náà lọ, wọ́n ti rán òmíràn. Bàbá mi tẹ̀ lé wọn lọ́jọ́ yẹn, àwọn ló sọ bó ṣe rí fún ìyá mi létí mi. Bàbá mi ní bàtà Gàníyù wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, àwọn kan ilẹ̀kùn títí, kò sẹ́ni tó dáhùn, àfi ọmọ kékeré tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ilé. Bàbá Àgbà dúró, wọ́n di ojú wọn, wọ́n fetí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí àwọn máa lọ. Nígbà tí wọ́n délé, mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n rí i. "Mo gbọ́ ọ," wọ́n ní. "Ó ti ń sọ̀rọ̀."

Ìgbà ọyẹ́ ni àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀. Kò pẹ́. Wọn ò ráhùn, wọn ò dárúkọ ẹnikẹ́ni tó ṣẹ̀ wọ́n. Ọ̀sán ọjọ́ kan, èmi nìkan ló wà lọ́dọ̀ wọn, mo rò pé wọ́n ti sùn. Wọ́n ní, "Àdùkẹ́. Fèrèsé Sìkírá lọ́jọ́ yẹn. Ṣé ó ṣí ni, àbí wọ́n tì í?" Àṣé ohun kan náà ló ń jẹ àwa méjèèjì láti ọdún méjì. Mo rántí fèrèsé yẹn bí ẹni pé iwájú mi ló wà. Ó ṣí gbayawu. Mo ní, "Wọ́n tì í, Bàbá." Wọ́n wò mí. "O ń purọ́," wọ́n ní. "O ṣé."

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n kú.

Lọ́jọ́ kẹjọ, a ṣe fídáù wọn. Àwọn àfáà ti ṣàdúrà tán, wọ́n ti ń gbé oúnjẹ, ni Gàníyù wọlé, tòun ti Rọ́fíà. Ìyá mi ní kí n bu omi fún àlejò. Mo bu ú, mo kúnlẹ̀, mo gbé e fún un. Ó gbà á. Mi ò dìde.

Mo ní, "Bàbá wa kọ́ ló dárúkọ kọ̀wéè lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sọ ọ́ tí wọ́n bá wà láyé. Wọn ò sí láyé mọ́."

Mo ń retí kó gbá mi létí. Mo tiẹ̀ fẹ́ kó gbá mi.

"Mo mọ̀," ó ní.

Mo rò pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa.

"Inú yàrá ni mo wà lọ́jọ́ yẹn, mo jókòó ti Sìkírá. Mo rí ọ lójú fèrèsé. Mo ti ń dìde láti jáde wá sọ fún ìyá mi pé ọmọdé ni, pé kò mọ ohun tó ń sọ, ni mo gbọ́ tí bàbá yín ní àwọn ni." Ó fa Rọ́fíà mọ́ra. "Nígbà tí Sìkírá wá kú, inú ń bí mi sí gbogbo ayé. Èèyàn ò lè bá Ọlọ́run jà. Èèyàn ò lè bá ọmọdé jà. Bàbá yín ti yọ ara wọn sílẹ̀ fún mi."

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ gbọ́. "Ṣé Àǹtí gbọ́ mi?"

"Ó gbọ́."

Mo fẹ́ dìde kí n sá wọlé.

"Ó rẹ́rìn-ín," Gàníyù ní. "Ó ní, 'Kọ̀wéè wo? Ẹlúùlúù nìyẹn, òjò ló ń pè. Bàbá á ti kan ọmọ yẹn lórí báyìí.' Títí tó fi rẹ̀ ẹ́ ló ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù kankan ò bà á."

Mo ń wò ó. Ọdún méjì ló fi mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Bàbá Àgbà kan ilẹ̀kùn ẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú ilé, kò gbé e jáde fún wọn. Wọ́n sùn sórí ẹní, wọ́n ń bi ọmọdé léèrè fèrèsé.

"Ẹ ò sọ fún wọn," mo ní.

"Ojú ló ń tì mí. Mò ń wí pé lọ́la, lọ́la."

Mo gba ife omi náà lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó kàn án lẹ́nu, mo dà á sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ ẹ̀, mo wọlé lọ. Ìyá mi bá mi nínú yàrá, wọ́n nà mí, wọ́n ní kí n jáde lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àlejò. Mi ò lọ. Mi ò tíì lọ títí dòní.